Iye Tí Ojú Rí, Iye Tí Ọwọ́ San

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ń fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù ní Nàìjíríà ti rí nọ́ńbà yìí nínú àláàtì rẹ̀ rí: ₦26.88. Bó ṣe dé ibẹ̀ kò ṣòro. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020 ni ìlànà Báńkì Àpapọ̀ ti fi ₦25 ṣe iye tí báńkì lè gbà lórí owó tó bá ju ₦5,000 lọ tí kò sì ju ₦50,000 lọ. Ní oṣù kejì ọdún yẹn kan náà ni VAT, owó orí ọjà, kúrò ní ìdá márùn-ún, tó di ìdá méje àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ bu VAT yìí lé ₦25, ₦26.875 ni yóò jáde, ìyẹn náírà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kọ́bọ̀ mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún àti ààbọ̀ kọ́bọ̀. Ààbọ̀ kọ́bọ̀ wà rí o. Nígbà tí náírà gba ipò páùn ní oṣù kìíní ọdún 1973, wọ́n rọ owó onírin fún un pẹ̀lú àwọn yòókù. Ó ti pẹ́ tó ti kúrò lọ́wọ́ aráyé. Nítorí náà, níbì kan láàárín ibi tí kọ̀ǹpútà ti ṣe ìṣirò àti ibi tí ojú ti rí i, ẹnìkan ti pinnu pé 26.875 yóò di 26.88. Kò sẹ́ni tó lè pe ìyẹn ní olè. Síbẹ̀ ó bí ìbéèrè kan tó yẹ kí àwa tí a gbà pé òtítọ́ ṣe pàtàkì dúró tì: nígbà tí ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì bá gbé nọ́ńbà síwájú wa pẹ̀lú àmì owó lórí rẹ̀, irú ọ̀rọ̀ wo ló ń sọ? Ta ló sì ń sọ ọ́?

Nọ́ńbà lásán ló wà nínú kọ̀ǹpútà. Kò ní àmì owó, kò ní kọ́mà, kò sì mọ̀ bóyá náírà lòun tàbí yẹ̀n ti Jàpáànù. Tẹ́ńpíléètì, ìyẹn ojú-ìwé tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ tí wọ́n dá àyè sí nínú rẹ̀ fún ohun tí yóò máa yí padà, ló ń fi ₦ síwájú 5000, tó ń fi kọ́mà pín in, tó sì ń pinnu iye kọ́bọ̀ tí yóò hàn. Àwọn irinṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí pọ̀. Nínú JavaScript, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ ètò ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, Intl.NumberFormat ni wọ́n ń lò: o sọ èdè àti ìlú fún un, o sọ irú owó, yóò sì kọ ọ́ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń kọ ọ́. Lọ́nà yìí ni nọ́ńbà kan ṣoṣo fi lè jáde bíi £1,234.50 fún ará Lọ́ńdọ̀nù, R$ 1.234,50 fún ará Bàhíà, àti 1.234,50 € fún ará Jámánì. Ará Íńdíà tiẹ̀ máa ń pín ọ̀kẹ́ márùn-ún sí 1,00,000. Nítorí pé iṣẹ́ yìí rọrùn báyìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é kà á mọ́ iṣẹ́ ọ̀ṣọ́, bí àwọ̀ bọ́tìnnì tàbí títóbi lẹ́tà. Lójú wọn, òtítọ́ wà nínú kọ̀ǹpútà níbi tí ojú kò dé, ohun tó wà lójú-ìwé kò ju àwòrán rẹ̀ lọ. Lójú tèmi, òdìkejì èyí ni òtítọ́. Iye tí wọ́n kọ sójú-ìwé ni ọ̀rọ̀ tí ọlọ́jà sọ, òun ló fi í ṣe àdéhùn, nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà ló sì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e.

Kí èyí lè yé wa, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí iye owó jẹ́ nínú ọjà tiwa. Bí aláṣọ ní Ọjà Ọba bá pe ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, tí oníbàárà sì ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún lòun máa san, kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Wọ́n mọ̀ pé ìdúnàádúrà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, iye àkọ́kọ́ kàn ń ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀. Àwọn Kristẹni kan tí wọ́n ń pè ní Quaker nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún kò gbà bẹ́ẹ̀. George Fox, aṣáájú wọn, kọ́ wọn pé ẹni tó bá pe iye tó ju èyí tó fẹ́ gbà ti purọ́ ná, nítorí náà iye kan ṣoṣo ni kí wọ́n máa pè fún gbogbo ènìyàn. Mo rò pé wọ́n ṣi ọjà ìdúnàádúrà lóye, torí ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì tó ń sọ ọ́ mọ irú rẹ̀ kò lè tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n rí ohun kan tó ṣe kókó: ní kété tí ìdúnàádúrà bá kúrò, iye tí a pè kò ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀ mọ́, ó di òpin ọ̀rọ̀. Ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ẹnu tí a lè bá dunàádúrà. Oníbàárà kò rí ojú ọlọ́jà, kò lè ní kó tún un sọ, kò lè bi í pé náírà ni àbí dọ́là. Gbogbo ohun tí aláṣọ ì bá fi ẹnu àti ọwọ́ àti ojú sọ, nọ́ńbà yẹn nìkan ló kù láti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá nìkan dúró bẹ́ẹ̀ kò ní alátìlẹ́yìn tó lè tún un ṣe, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ pé.

Immanuel Kant, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ará Königsberg, kọ nípa ọlọ́jà kan nínú ìwé tó gbé jáde ní 1785 lórí ìpìlẹ̀ ìwà rere. Ọlọ́jà yìí kì í rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, iye kan náà ló ń ta ọjà rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, débi pé ọmọdé lè rà lọ́wọ́ rẹ̀ bí àgbà. Kant ní ìyẹn nìkan kò tíì fi hàn pé ọlọ́jà náà jẹ́ olóòótọ́, torí ó lè jẹ́ pé èrè ló ń wá, kí orúkọ rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Ó ní ibi tí ọkàn ọlọ́jà dorí kọ ni kí á wò. Bí a bá gbé ìbéèrè yìí wá sórí tẹ́ńpíléètì, ó ń le sí i. Tẹ́ńpíléètì kò ní ọkàn. Kò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni, kò sì kórìíra ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lálẹ́ àná ni yóò ṣe dá ọmọdé àti àgbà lóhùn lónìí. Ìyẹn ni pé òótọ́ tàbí irọ́ inú rẹ̀ ti parí kí oníbàárà tó dé. Ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ ló wà, ní wákàtí tí kò sí oníbàárà kankan níwájú rẹ̀, tí kò sí ojú ẹnikẹ́ni tó lè mú un tijú. Irú wákàtí bẹ́ẹ̀ ni ìwà ènìyàn máa ń hàn.

Àwọn ẹ̀sìn tó wà láàárín wa ti ronú nípa irú wákàtí yẹn tipẹ́, kódà wọ́n sọ̀rọ̀ nípa òṣùwọ̀n ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Ìwé Diutarónómì orí 25 kọ̀ fún ọlọ́jà láti ní òkúta ìwọ̀n méjì, ńlá àti kékeré, nínú àpò kan. Wòlíì Amosi bá àwọn tó ń sọ òṣùwọ̀n di kékeré tí wọ́n sì ń sọ owó di ńlá wí. Súúrà kẹtàlélọ́gọ́rin nínú Kùránì, àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù ni wọ́n fi pè é, ìyẹn àwọn tó ń gba tiwọn ní kíkún tí wọ́n sì ń wọn tẹlòmíràn ní àbọ̀. Gbogbo ẹni tó ń ra gààrí lọ́jà náà sì mọ kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ohun tó yẹ ká kíyè sí nínú òfin Diutarónómì ni pé òkúta kọ̀ọ̀kan kò purọ́ fúnra rẹ̀. Èyí tó wúwo jẹ́ òkúta, èyí tó fúyẹ́ náà jẹ́ òkúta. Níní méjì, kí ọlọ́jà wá máa yan èyí tó bá wù ú ní àkókò tó wù ú, ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ náà wà.

Òkúta méjì yìí rọrùn láti ní lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìmọ̀. Ká ní ọjà kan ń jẹ́ ₦1,250.50, tí ènìyàn ra mẹ́ta. VAT orí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦93.7875, tẹ́ńpíléètì á sì kọ ọ́ sí ₦93.79. Mẹ́ta irú rẹ̀ jẹ́ ₦281.37. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà bá kọ́kọ́ ro owó ọjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kó tó ṣírò VAT, ₦281.3625 ló máa rí, yóò sì kọ ₦281.36 sí ìsàlẹ̀. Rìsíìtì náà wá ń sọ ohun méjì: ẹni tó bá ro ìlà mẹ́ta náà pọ̀ fúnra rẹ̀ yóò rí kọ́bọ̀ kan tí kò sí nísàlẹ̀. Ọ̀nà ìṣirò méjèèjì dára. Ohun tí kò dára ni pé tẹ́ńpíléètì ṣe ọ̀kan fún ojú, ibi tí wọ́n ti ń gba owó sì ṣe èkejì fún ọwọ́, láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ èyí tí wọ́n yàn. Ẹni tó bá yan ọ̀kan, tó kọ ọ́ sílẹ̀, tó sì jẹ́ kí iye tó hàn àti iye tó gbà ti inú ìṣirò kan ṣoṣo jáde, òkúta kan ló ní. Òfin Nàìjíríà pàápàá tẹ̀ síbí. Abala 115 nínú òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018 sọ pé ọlọ́jà kò gbọdọ̀ béèrè ju iye tó fi hàn lọ, bí ó bá sì fi iye méjì hàn pọ̀, èyí tó kéré ni yóò gbà. Òfin náà kò béèrè ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ohun tí ojú rí ló fi ṣe ìdájọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé kọ́bọ̀ kan ni à ń sọ, pé kò sẹ́ni tí kọ́bọ̀ lè pa tàbí là. Mo gbà pé kò lè là á. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ní oṣù kìíní ọdún 1982, ọjà ìdókòwò ìlú Vancouver ní Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí í lo atọ́ka tuntun kan tí wọ́n fi 1000 bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá tún un ṣírò, tó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìgbà lójúmọ́, ńṣe ló ń gé ohun tó bá kọjá ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún sọnù, kò yí i sí èyí tó sún mọ́ ọn jù. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá ọdún 1983, atọ́ka náà ti já wá sí nǹkan bí 524. Nígbà tí wọ́n tún un ṣírò bó ṣe yẹ, ó ju 1098 lọ. Ohun tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ló jẹ ìdajì rẹ̀, láìsí olè kankan, láàárín oṣù méjìlélógún. Kì í ṣe pé kékeré ni ìṣòro ibẹ̀, ìhà kan ṣoṣo tí gbogbo kékeré náà ń ṣubú sí ni. Nítorí ìdí yìí ni Python, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, bí ohun tó ṣẹ́kù bá jẹ́ ìdajì géérégé, fi máa ń yí nọ́ńbà sí èyí tó jẹ́ tọ́fà tó sún mọ́ ọn, ìyẹn èyí tó ṣeé pín sí méjì láìṣẹ́kù, tí 2.5 fi ń di 2, tí 3.5 sì ń di 4, kí ìdajì wọ̀nyẹn má bàa máa lọ síbì kan náà. Ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn ìyá wa mọ̀ lọ́jà. Ẹni tó bá wọn gààrí tán tó tún bu èènì lé e, ó ti pinnu ìhà tí ìyókù yóò ṣubú sí, ọ̀dọ̀ oníbàárà ni. Bí tẹ́ńpíléètì kò bá lè ṣe kó má yí nọ́ńbà padà, mi ò rí ìdí tí kò fi lè bu èènì.

Àtakò tó le jù fún mi ni èyí: bí iye ojú-ìwé bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a sọ, tí ₦26.88 kì í sì í ṣe ₦26.875, ǹjẹ́ gbogbo iye tí a yí padà kì í ṣe irọ́? Ìdáhùn mi ni pé owó kò dà bí gígùn òpó tàbí ìwúwo àpáta, èyí tó wà bó ṣe wà bí ènìyàn kankan ò tilẹ̀ wọ̀n ọ́n. Àdéhùn ni owó, àdéhùn náà ló sì ń sọ ibi tí ó kéré mọ. Iye tó bá kéré ju ẹyọ tó kéré jù lọ kì í ṣe owó síbẹ̀, ìṣirò ló ṣì jẹ́. Yíyí i padà kì í tún òtítọ́ kan kọ, òun gan-an ló ń sọ ọ́ di owó. Ohun tó kù ni bóyá ìlànà tí a fi yí i padà wà ní gbangba. Nígbà tí ilẹ̀ Yúróòpù ń múra láti lo yúrò, wọ́n ṣe òfin lórí èyí ní 1997: nọ́ńbà mẹ́fà ni iye pàṣípààrọ̀ yóò ní, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé e kúrú kó tó fi ṣe ìṣirò, ìgbẹ̀yìn nìkan ni kí wọ́n yí i sí sẹ́ǹtì tó sún mọ́ ọn, ìdajì géérégé á sì lọ sókè. Bí òfin yìí ṣe là á sílẹ̀ ni fráǹkì Faransé ṣe di 6.55957 fún yúrò kan. Nítorí pé ọgọ́rùn-ún owó CFA, tí ará Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń ná, ló di fráǹkì Faransé kan ní 1994, wọ́n ń bá yúrò rìn ní 655.957 títí di òní. Ọjà tó jẹ́ yúrò mẹ́wàá yóò jẹ́ 6,559.57 nígbà tó bá dé Lóòmẹ̀, ṣùgbọ́n owó CFA kò ní ẹyọ kékeré tí ẹnikẹ́ni ń ná, nítorí náà 6,560 ni tẹ́ńpíléètì yóò kọ. Kò sí irọ́ ńbẹ̀, torí gbogbo ayé mọ ìlànà náà. Kánádà ṣe irú rẹ̀ ní 2013 nígbà tí wọ́n dẹ́kun pípín sẹ́ǹtì kan fáráyé: ẹni tó bá fi owó béńbà sanwó, wọ́n á yí i sí sẹ́ǹtì márùn-ún tó sún mọ́ ọn, ẹni tó bá fi káàdì san, iye gan-an ni. Wọ́n kéde rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí gbogbo wa ti gbọ́ kò lè tàn wá jẹ.

Ẹni tó kọ tẹ́ńpíléètì lè wá sọ pé òun kò ní èrò láti tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ó lè fi Augustine ti ìlú Hippo ṣe ẹlẹ́rìí, ẹni tó kọ ìwé lórí irọ́ pípa ní nǹkan bí ọdún 395, tó sì fi hàn pé inú ìfẹ́ láti tannijẹ ni irọ́ wà, pé ẹni tó sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tó rò pé bẹ́ẹ̀ ló rí kò purọ́. Mo gba ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi Bíbélì, Kùránì tàbí irin Ògún búra ní kóòtù, tó wá ń jẹ́rìí sí ohun tí kò wò, ẹ̀bi rẹ̀ kò tán nítorí pé kò mọ̀. Ó yẹ kó wò ó. Ohun tí olùkọ tẹ́ńpíléètì sì yẹ kó wò kò farasin. Ẹ sọ fún JavaScript kó ro 0.1 àti 0.2 pọ̀, yóò dáhùn pé 0.30000000000000004, torí méjì-méjì ló ń pín nọ́ńbà, ìdá kan nínú mẹ́wàá kò sì lè parí síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́ta kò ṣe lè parí nínú ìṣirò tiwa. Ẹ ní kó kọ 1.005 ní nọ́ńbà méjì lẹ́yìn àmì, 1.00 ni yóò kọ dípò 1.01, torí ohun tó tọ́jú kéré ju 1.005 lọ ní ìwọ̀nba. Àwọn oníṣẹ́ owó mọ èyí, ìdí nìyẹn tí Paystack, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó, fi ń béèrè iye ní kọ́bọ̀, tí ₦1,250.50 fi ń dé ọ̀dọ̀ wọn bíi 125050, odidi tí kò lè ṣẹ́kù. Ẹni tó ń kọ́ tẹ́ńpíléètì owó tí kò wádìí èyí ti jẹ́rìí sí ohun tí kò wò.

Ti àmì owó tiẹ̀ burú ju ti kọ́bọ̀ lọ. Irinṣẹ́ tí à ń sọ yìí kì í ṣe pàṣípààrọ̀. Bí ẹ bá fún un ní 5000 tí ẹ sì ní dọ́là ni, $5,000.00 ni yóò kọ, láìbéèrè bóyá náírà ni nọ́ńbà náà jẹ́ níbi tó ti wá. Nínú Angular, irinṣẹ́ kan tí wọ́n fi ń kọ́ ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, bí olùkọ ètò kò bá sọ irú owó, dọ́là Amẹ́ríkà ni irinṣẹ́ náà yóò lò. Ẹni tó kọ́ irinṣẹ́ náà kò ṣẹ̀, ó gbọ́dọ̀ yan ohun kan fún ẹni tó dákẹ́. Ẹni tó dákẹ́ ni mo ń bá wí. Àmì tó wà níwájú nọ́ńbà ni apá tó wúwo jù nínú gbólóhùn náà, òun ló ń sọ owó ìlú wo àti òfin ta ló dè é, síbẹ̀ òun ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ fún ohun tí ẹlòmíràn yàn ní ìlú òkèèrè, fún oníbàárà tí wọn kò rò ó rí. Kò pẹ́ láti kọ NGN fún náírà tàbí XOF fún owó CFA sí ibi tó yẹ. Mi ò mọ àwáwí tí ènìyàn lè wí bí kò bá ṣe é.

Ó ku òdo méjì tó máa ń tẹ̀lé náírà. Àwọn kan ní kí á yọ wọ́n, torí kò sí ẹni tó ń rí kọ́bọ̀ mọ́, ₦5,000.00 sì ń ṣe bí ẹni tó ka ohun tí kò sí. Níbi tí ọwọ́ ti ń san owó béńbà, òótọ́ ni wọ́n sọ, kí wọ́n yọ wọ́n. Ṣùgbọ́n níbi tí káàdì àti àláàtì wà, wọ́n ṣì ń gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa lójoojúmọ́, òdo méjì yẹn ló sì ń sọ fún oníbàárà pé kò sí kọ́bọ̀ kankan tó fara pamọ́ sẹ́yìn iye tó rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀. Ní Kútọnu, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ìlànà àgbáyé tó ń to owó àwọn orílẹ̀-èdè, ISO 4217, kọ òdo sílẹ̀ fún iye nọ́ńbà tó yẹ kó tẹ̀lé àmì nínú owó CFA. Ọlọ́jà ibẹ̀ tó bá jẹ́ kí tẹ́ńpíléètì rẹ̀ kọ 5 000,00 F CFA ń ṣèlérí pé òun lè ka ohun tí ìlú rẹ̀ kì í kà. 5 000 F CFA tó.